Bẹ́ ẹ ṣe máa rí tíkẹ́ẹ̀tì àlejò gbà lọ wo Premier League ní pápá ńlá, láìkó sọ́wọ́ gbájúẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní London, Manchester, Leeds àti gbogbo ibi tá a fọ́n ká sí ní ilẹ̀ ọba yìí, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ẹnì kan ò ní ṣaláì bi mí pé "Bọ̀dá, Arsenal ń lọ sí Old Trafford, pápá Manchester United, níbo ni mo ti lè ra tíkẹ́ẹ̀tì?" Tí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti ṣe, ìdáhùn méjì náà ni mo máa ń gbọ́, yálà wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ onílé, ìyẹn klọ́ọ̀bù tó ni pápá, lọ ra ìjókòó sáàárín àwọn èèyàn onílé, àbí wọ́n ti sanwó fún ẹnì kan lórí WhatsApp tí wọn ò rí lójú rí. Méjèèjì ló máa ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì onílé ní pápá kan báyìí lókè ọ̀hún, mo wọ jẹ́sì wa sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, nígbà tá a wá gbá góòlù wọlé ọwọ́ mi ti lọ sókè kí n tó rántí ibi tí mo jókòó sí, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi mú mi jáde sínú òjò, owó lọ, bọ́ọ̀lù lọ, ọkọ̀ ojú irin tó máa gbé mi padà sì ku wákàtí mẹ́ta kó tó gbéra. Ó dùn mí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kẹ́nì kankan má tún gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Ohun kan ṣoṣo kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn: tíkẹ́ẹ̀tì àlejò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní away, ọwọ́ klọ́ọ̀bù tiyín lẹ ti máa rà á. Onílé á kó iye tó tọ́ sí àlejò fún klọ́ọ̀bù yín, klọ́ọ̀bù yín á wá pín in fáwọn tó ti ń bá a rìn tipẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ nílò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Mẹ́ńbàṣíìpù klọ́ọ̀bù yín, lórúkọ yín gan-an bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ẹ má lo orúkọ ìnagijẹ o.
- Nọ́ńbà mẹ́ńbà yín, àti ímeèlì tẹ́ ẹ ṣì ń ṣí lójoojúmọ́.
- Káàdì báǹkì, pẹ̀lú app báǹkì náà lórí fóònù tẹ́ ẹ máa mú dání.
- Káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò. Ẹ má máa gbé pásípọ́ọ̀tù lọ pápá, tó bá sọ nù wàhálà ẹ̀ ò kéré. Ẹ lọ gba provisional licence, ìwé àṣẹ ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, lọ́dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni níwèé mọ́tò, £34 ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà bẹ́ ò bá tíì fẹ́ kọ́ mọ́tò.
- Sáà bọ́ọ̀lù kan gbáko. Ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì Old Trafford lónìí kó lè lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní purọ́ fún un, kò ní rí i lọ́nà tó tọ́.

Ìpele 1: Ẹ mọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tó wà

Òfin Premier League ni pé onílé gbọ́dọ̀ ya tíkẹ́ẹ̀tì 3,000 sọ́tọ̀ fún àlejò, tí pápá náà ò bá sì gba tó 30,000 èèyàn, kó fún wọn ní ìdá 10 nínú 100 ìjókòó tó wà níbẹ̀. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Old Trafford ń gba nǹkan bí 74,000, ìyẹn ni pé tíkẹ́ẹ̀tì àlejò ò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 lọ. Pápá Brentford ń gba 17,250, àlejò ń rí nǹkan bí 1,725. Ibí làwọn èèyàn ti ń ṣi èrò, wọ́n á ní pápá yẹn mà tóbi, a ò ní ṣaláì rí àyè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onílé ló ń gba inú pápá ńlá yẹn, igun kan ni tiyín.

Owó ẹ̀ ò wọ́n, ohun tó sì ń mú kí èrò pọ̀ nìyẹn. Láti sáà 2016/17 ni Premier League ti fi gbèdéke sí i pé àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ san ju £30 lọ fún tíkẹ́ẹ̀tì àlejò, ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ. Torí náà tẹ́nì kan bá pe £150 fún yín, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà débẹ̀.

Ti FA Cup, ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ England, yàtọ̀. Níbẹ̀, àlejò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdá 15 nínú 100, àfi táwọn tó ń rí sí ààbò bá ní kí wọ́n dín in kù, gbèdéke £30 yẹn ò sì kàn án. Ẹ fi ìdá 15 yẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ Champions League, ìdíje àwọn klọ́ọ̀bù ilẹ̀ Yúróòpù, ìdá 5 nínú 100 ni UEFA tó ń ṣètò ẹ̀ ní kí onílé fún àlejò, fún sáà 2025/26 wọ́n sì ní owó ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá €50.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ṣí ojú ewé tíkẹ́ẹ̀tì klọ́ọ̀bù yín, ẹ wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá rí ọjọ́ tí títà máa bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á, ibi tó tọ́ lẹ wà. Tó bá jẹ́ orúkọ onílé lẹ̀ ń rí lókè ojú ewé, ẹ jáde níbẹ̀ kíá.

Ìpele 2: Ẹ di mẹ́ńbà, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó póìǹtì jọ

Oṣù keje ni kẹ́ ẹ ti sanwó mẹ́ńbàṣíìpù, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá rí eré tó wù yín.

Klọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tiẹ̀. Tottenham ń ka póìǹtì, ìyẹn máàkì tí klọ́ọ̀bù ń fún yín fún eré tẹ́ ẹ bá lọ wò, ẹni tó ní jù ló ń kọ́kọ́ rà. Liverpool ń wo iye eré ìta tẹ́ ẹ ti lọ sẹ́yìn, tó o bá ti lọ tó iye tí wọ́n dá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ọ. Àwọn klọ́ọ̀bù míì wà tó jẹ́ pé ẹ máa forúkọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá mú orúkọ láìwojú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ní season ticket, tíkẹ́ẹ̀tì tó kárí eré inú ilé fún sáà kan, ló sì ń wà níwájú ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ ka ti klọ́ọ̀bù yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń fún yín ní póìǹtì, torí ó yàtọ̀ síra, níbì kan eré inú ilé náà ń fúnni ní póìǹtì, níbòmíì eré ìta nìkan ni wọ́n ń kà.

Ìkìlọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa: ẹ má yá mẹ́ńbàṣíìpù ẹlòmíì lò. Mo mọ̀ pé láàárín wa, ẹ̀gbọ́n lè ní "gba tèmi lọ, mo wà níbi iṣẹ́." Póìǹtì yẹn á wọ àkáǹtì ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ò ní rí nǹkan kan kà, tí wọ́n bá sì dá yín dúró lẹ́nu géètì pé ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ wá, tí orúkọ ò bára mu, wọ́n lè gba mẹ́ńbàṣíìpù ẹ̀gbọ́n náà. Ọdún mẹ́wàá tó fi kó póìǹtì jọ lè bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jọ lọ ní tọkọtaya tàbí tọ̀rẹ́tọ̀rẹ́, ẹ so àkáǹtì yín pọ̀ lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ṣáájú ọjọ́ títà. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé gbogbo yín lẹ gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́: tí póìǹtì tìyàwó ò bá tíì tó, ẹ máa dúró di ọjọ́ tó máa kan ìyàwó, àbí kí ọ̀kan lọ kí èkejì dúró sílé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọlé sínú àkáǹtì, kẹ́ ẹ rí orúkọ yín, nọ́ńbà mẹ́ńbà, àti ibi tí wọ́n kọ póìǹtì sí, kódà kó jẹ́ òdo. Kẹ́ ẹ rí orúkọ àwọn tẹ́ ẹ so mọ́ra náà níbẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ yan eré tí kò wu àwọn yòókù

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ibí ló sì ń ṣòro jù fún àwọn èèyàn wa láti gbà. Gbogbo ayé ló fẹ́ lọ Anfield tó jẹ́ pápá Liverpool, Old Trafford àti ti aládùúgbò tá à ń bá jà. Ẹni tí póìǹtì ẹ̀ jẹ́ òdo tó ń dúró de Old Trafford, ńṣe ló dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn láìnì epo tó ní kí wọ́n ta fún òun ṣáájú ẹni tó sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ lọ síbi tí láìnì ò gùn.

Èwo ni láìnì ò gùn? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ alẹ́ Wednesday ní Newcastle nínú oṣù kìíní. Ìyẹn jìnnà sí London ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú irin, òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun, tí bọ́ọ̀lù bá parí ẹ ò ní rí ọkọ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn mélòó ló lè gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ fún un? Iye póìǹtì tí wọ́n ń béèrè á máa wálẹ̀ lójoojúmọ́ títí á fi kàn yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré alẹ́ Monday níbi tó jìnnà. Tẹ́ ẹ bá wá ń gbé lókè ọ̀hún, ní Leeds tàbí Sheffield, tẹ́ ẹ sì jẹ́ ọmọ klọ́ọ̀bù London, ẹ ti ní àǹfààní tí àwa tá a wà ní Peckham ò ní, ibi tó jìnnà sí wa sún mọ́ yín, ẹ lò ó.

Eré FA Cup ni ìkejì. Ṣé ẹ rántí ìdá 15 yẹn? Tí wọ́n bá pín yín sí pápá ńlá nínú FA Cup, tíkẹ́ẹ̀tì tó máa wá lè ju ìlọ́po méjì ti Premier League lọ, àwọn tí póìǹtì wọn ò pọ̀ á sì ráyè wọlé. Ọ̀nà yìí ni mo fi wọ pápá ńlá fúngbà àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ní ìwé lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé àárín àwọn èèyàn wa tí gbogbo wọn ń kọrin, mo ronú nípa ọjọ́ tí wọ́n lé mi sínú òjò, omi wá sí mi lójú.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ibi tó sún mọ́ ilé ló rọrùn. Ẹni tó ń gbé London á ní òun máa fi Brentford bẹ̀rẹ̀, ṣebí bọ́ọ̀sì lásán ni. Gbogbo ará London ló ronú bẹ́ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ò sì tó 2,000. Ó le ju Newcastle lọ fíìfíì.

Ìpele 4: Ọjọ́ títà

Kí aago títà tó lù, ẹ ti wà nínú àkáǹtì yín ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ ti fi káàdì báǹkì sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ṣí app báǹkì, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, torí báǹkì á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, ẹnu ibẹ̀ yẹn ni tíkẹ́ẹ̀tì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, fóònù wà nínú yàrá, wọ́n wà nídìí kọ̀ǹpútà ní pálọ̀.

Tí wọ́n bá ti tò yín sórí láìnì íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má tún ojú ewé yẹn ṣí. Ẹ jẹ́ kó máa rìn. Ẹni tó bá tún un ṣí lè pa dà sẹ́yìn pátápátá. Ẹ má sì ṣí àkáǹtì kan náà lórí ẹ̀rọ méjì.

Ẹ wo irú ìjókòó tẹ́ ẹ mú kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ò ní ríran dáadáa, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé fún àgbàlagbà torí pé ó dín owó kù, ní ọ̀pọ̀ géètì iná kan á tàn tí tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé bá kọjá, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á wo ojú yín, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ímeèlì ìdánilójú ti wọlé, owó ti kúrò ní báǹkì, tíkẹ́ẹ̀tì sì ti hàn nínú àkáǹtì yín. Ẹ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni pé ẹ ti rí i rà. Tí owó bá lọ tí ímeèlì ò wá, ẹ wo àkáǹtì náà kẹ́ ẹ tó rà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìpele 5: Ẹ sá fún àwọn oníbílákì, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́nà ẹ̀bùrú

Tẹ́ ò bá rí i rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró de òmíì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan san £180 fún ẹnì kan tó rí nínú gúrúùpù, ẹni yẹn fi fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ọmọ wọ ọkọ̀ láti Woolwich dé ẹnu géètì kí wọ́n tó sọ fún un pé èèyàn méjì ti fi nǹkan kan náà wá síbẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ẹni tó ta á ti pa nọ́ńbà.

Kì í ṣe owó nìkan. Láti 1994 ni òfin ti wà ní England àti Wales pé ẹni tí wọn ò fún láṣẹ ò gbọ́dọ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí ẹ̀ gbéni lọ kóòtù ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà, ẹ má fi ọwọ́ ara yín fa irú ẹ̀. Òfin yẹn ò sì yọ yín sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i rà tí ẹ ò wá lè lọ mọ́: ẹ dá a padà fún klọ́ọ̀bù kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá, ẹ má gbé e sórí WhatsApp.

Ìpele 6: Tíkẹ́ẹ̀tì dọ́wọ́, ẹ múra ọ̀nà

Ó lè wá bíi bébà nínú pósítì, ó lè jẹ́ inú fóònù, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ wá gbà á ní pápá lọ́hùn-ún pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀. Tó bá jẹ́ ti fóònù, ilé ni kẹ́ ẹ ti gbé e sínú wallet fóònù náà, ẹ má dúró dé ẹnu géètì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Skrínṣọ́ọ̀tì ò ní ṣí irú géètì tí wọ́n ń fi fóònù kàn. Ẹ gbé power bank dání.

Ti mọ́tò àti ọkọ̀ ojú irin wá ńkọ́? Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí kò ṣeé dá padà kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó yan eré tí wọ́n máa fi hàn, torí wọ́n lè yí ọjọ́ àti aago ẹ̀ padà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n kọ sí Saturday aago mẹ́ta lè di Sunday aago méjì, tàbí Monday aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ dúró dìgbà tí Premier League bá kéde àwọn tí tẹlifíṣọ̀n mú, kẹ́ ẹ wá rà á lọ́jọ́ yẹn gan-an kó tó gbówó lórí. Ẹ wo ọkọ̀ tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó wo èyí tó máa gbé yín lọ, pàápàá ọjọ́ Sunday tí wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe.

Ọ̀pọ̀ klọ́ọ̀bù ló ń ṣètò bọ́ọ̀sì tó máa gbé yín dé ẹnu pápá tó sì máa dúró dè yín, èyí ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ń lọ fúngbà àkọ́kọ́. Ẹ má gbé ọtí wọ inú ẹ̀, òfin 1985 kà á léèwọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kó èèyàn lọ wo bọ́ọ̀lù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń lọ, ní Manchester ẹ wọ tram Metrolink lọ sí Old Trafford, ní Liverpool bọ́ọ̀sì 917 ló ń kó èrò láti àárín ìlú lọ Anfield, ní Newcastle ẹsẹ̀ yín ti tó láti ibùdókọ̀, kò ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìpele 7: Ní ẹnu pápá

Ẹ dé wákàtí kan ó kéré tán ṣáájú. Ẹ wo nọ́ńbà géètì tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má tẹ̀ lé èrò, èrò onílé ló pọ̀ jù. Ní Anfield, ẹ̀gbẹ́ Anfield Road lẹ máa lọ, ní Old Trafford igun tó wà láàárín East Stand àti Sir Bobby Charlton Stand (tí wọ́n ń pè ní South Stand tẹ́lẹ̀) ni.

Báàgì tó bá ju bébà A4 lọ, ọ̀pọ̀ pápá ò ní gbà á wọlé. Ẹ má gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù dání, ẹ jẹun sílé. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ò gbowó bébà mọ́, káàdì ni.

Èyí kan àwọn tó fẹ́ mú màmá tàbí ọmọ kékeré lọ: àwọn àlejò kì í jókòó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni wọ́n ń dúró, ẹni tó bá jókòó ò ní rí nǹkan kan. Ní Newcastle, òkè téńté ni wọ́n fi àlejò sí, àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀ gan-an, ẹni tí orúnkún ń dùn kó pe klọ́ọ̀bù ẹ̀ ṣáájú kí wọ́n bá a wá ibòmíì.

Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ó tán. Ẹ pariwo. Ìgbà tí Bukayo Saka ti Arsenal wa bá gba bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí gbogbo wa 3,000 ń pe orúkọ ọmọ wa nílé onílé, ẹ máa mọ ìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Tí eré bá parí, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ kí èrò onílé kọ́kọ́ lọ. Ẹ dúró. Ẹ bọ máfúlà àti jẹ́sì sínú báàgì tẹ́ ẹ bá máa gba àárín ìlú kọjá lálẹ́.

Ìpele 8: Ọjọ́ kejì

Ẹ má sọ tíkẹ́ẹ̀tì nù, ẹ má sì pa ímeèlì ẹ̀ rẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ wọlé sínú àkáǹtì, ẹ wo ibi póìǹtì. Bó bá ti kúrò lórí òdo, ẹ lọ wo ọjọ́ títà eré ìta tó kàn. Bí kò bá tíì yí padà, ẹ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ńbà, ọjọ́ eré, nọ́ńbà ìjókòó àti fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì náà, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó di ìparí sáà kẹ́ ẹ tó béèrè.